Ọmọ Ilé Wa Tó Dúró Nínú Omi

Ẹ̀rù máa ń ba ẹ̀gbọ́n mi. Ibẹ̀ ni mo máa gbà wọlé, torí ẹni tí kò mọ ìyẹn kò mọ Chigusa rárá.

Ní Yaizu níbí, ìlú apẹja wa létí òkun ní Japan, a ti ń gbọ́ ọ láti kékeré pé ilẹ̀ máa mì lọ́jọ́ kan, òkun á sì wọ ìlú. Ọ̀pọ̀ wa ti gbé ọ̀rọ̀ náà sí kọ̀rọ̀, à ń jẹ, à ń mu. Chigusa kò gbé e síbì kankan. Tó bá máa sùn, bàtà rẹ̀ á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, imú bàtà á kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Tí a bá dé ọjà tí kò dé rí, kò ní wo ọjà. Ilé gíga tó ní àtẹ̀gùn níta ló máa kọ́kọ́ fojú wá. Mo máa ń fi í ṣẹ̀fẹ̀. Á ní, "Máa rẹ́rìn-ín, Genta. Omi ò ní dúró kó o rẹ́rìn-ín tán."

Ó ń lọ aṣọ ní ilé ìfọṣọ kan nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin. Ṣáàtì àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ máa ń gbóná tó bá wọlé, á sì mọ̀ọ́mọ̀ fi kan mi lọ́rùn. Èmi ń yan ẹja katsuo ní ilé èéfín. Mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀ tipẹ́. Màmá ń di ẹja sínú ọ̀rá ní ẹ̀bá èbúté. Gbogbo ilé wa ń rùn ẹja, àfi Chigusa tó ń rùn ọṣẹ.

Kò lọ́kọ. Kò lọ́rẹ̀ẹ́ púpọ̀. Ohun kan ṣoṣo tó ní tí ó jẹ́ tirẹ̀ nìkan ni ọ̀sán Sọ́ńdè.

Ilé kọfí Ọ̀gá Usami ló máa ń lọ. Ọ̀gá Usami ti dàgbà, irun imú rẹ̀ ti funfun, kì í sì í ta kọfí fún ẹnikẹ́ni ní ọ̀sán Sọ́ńdè. Á ti ilẹ̀kùn, á fa kọ́tìnì, àwọn mẹ́rin á jókòó sídìí tábìlì kan. Òun, Chigusa, Bọ̀ọ̀dá Tateishi tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ apẹja, àti Anti Kanoko tó ń ya àwòrán sára páálí bisikí. Wọ́n á máa ṣeré.

Eré náà kò ní pátákó. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni. Ọ̀gá á sọ bí ibì kan ṣe rí: ó ṣókùnkùn, omi ń kán, nǹkan kan ń mí lẹ́yìn ògiri. Olúkúlùkù ní ẹnì kan nínú ayé yẹn tó ń sọ̀rọ̀ fún. Wàá sọ ohun tí ẹni tìrẹ ṣe. Tí kò bá dájú pé ó lè ṣe é, wàá da dáìsì. Ohun tí dáìsì bá sọ labẹ gé.

Ẹni tí ẹ̀rù ń bà nínú ilé ló tún ń jáde lọ wá ẹ̀rù kún un. Ó yà mí lẹ́nu. Mo bi í lẹ́ẹ̀kan. Ó ní ẹ̀rù tibẹ̀ ní ìparí, wọ́n á jẹ kéèkì lẹ́yìn rẹ̀.

Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ rèé. Ayé inú eré jẹ́ ti Ọ̀gá. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà nínú ayé náà jẹ́ ti ẹni tó dá a. "Ọmọ ilé wa" ni wọ́n ń pè é. Ti ẹlòmíràn ni "ọmọ ilé yín." Wọn kì í fi ṣeré. O ò gbọdọ̀ ki ọ̀rọ̀ bọ ọmọ ilé ẹlòmíràn lẹ́nu. Tí Anti Kanoko bá fẹ́ ya ọmọ ilé Chigusa, á kọ́kọ́ tọrọ rẹ̀. Tó bá yà á tán, á dúpẹ́ pé òun yá ọmọ, òun ti dá a padà. Bí ẹni yá ìkòkò lọ́wọ́ aládùúgbò.

Orise ni ọmọ ilé Chigusa. Akọ̀wé kan ni, ó tínrín, ó wọ gíláàsì. Nídìí oúnjẹ alẹ́ Sọ́ńdè Chigusa á ní, "Ọmọ ilé wa rí nǹkan lónìí o." Màmá á bèèrè ohun tó rí. Chigusa á ní kí wọ́n má bèèrè, kí wọ́n jẹun. Màmá á wá yọ ṣùtì. "Ọmọ tí mo ní kó o bí fún mi kọ́ nìyẹn."

Tí dáìsì bá pa ọmọ ilé ẹnì kan, wọn kì í sọ pé ó kú. Wọ́n á ní ó sọnù. Kì í padà. O ò lè gbé e lọ sínú eré mìíràn. Ọ̀gá tó ni ayé ọ̀hún kò lè jí i.

Nígbà tí òtútù ń lọ sópin, Chigusa ṣubú lẹ́yìn ilé ìfọṣọ, níbi tí wọ́n ń kó hánga sí. Àwọn tó wà níwájú gbọ́ ìró, wọ́n rò pé hánga ló wó. Ọkàn rẹ̀ ló dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ilẹ̀ ò mì. Omi ò dé. Ohun tó ti ń ṣọ́ láti kékeré kọ́ ló mú un lọ.

A sun òkú rẹ̀, bí a ti ń ṣe níbí. A kó egungun rẹ̀. Mi ò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ níbẹ̀ yẹn.

Ìgbà tí ooru bẹ̀rẹ̀ ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá sílé wa. Wọ́n kúnlẹ̀ níwájú àwòrán rẹ̀, wọ́n tan tùràrí. Ọ̀gá Usami gbé kéèkì wá, ó gbé e síwájú rẹ̀. Lẹ́yìn náà wọn ò dìde. Mo rí i pé nǹkan kan wà lọ́kàn wọn.

Ọ̀gá ló sọ ọ́. Eré wọn wà láàárín, kò tíì parí. Sọ́ńdè tó ṣáájú ikú Chigusa, wọ́n dáwọ́ dúró níbi tó le: àwọn ọmọ ilé wọn wà nínú ilé òrìṣà àtijọ́ kan lábẹ́ àpáta, omi ti dé orúnkún wọn, Orise sì ni ọwọ́ rẹ̀ wà lára ilẹ̀kùn. Látìgbà náà wọ́n ń pàdé lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, wọ́n ń mu kọfí, wọ́n ń lọ sílé. Wọn ò lè sún. Kí àwọn yòókù tó lè ṣe nǹkan, Orise gbọ́dọ̀ ṣe nǹkan. Kò sì sẹ́ni tó lè sọ̀rọ̀ fún un. Ọmọ ilé ẹlòmíràn ni.

Bọ̀ọ̀dá Tateishi wá ní ọkọ̀ òun fẹ́ lọ sí òkun jíjìn. Tóun bá lọ, ó di ọdún tó ń bọ̀ kóun tó padà. Ó ní, "Mi ò fẹ́ fi ọmọ ilé wa sílẹ̀ nínú omi títí mo fi máa dé. Á ti bó."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Òun náà wolẹ̀.

Anti Kanoko yọ ìwé Orise jáde. Ìwé pẹlẹbẹ kan lásán ni, orúkọ wà lókè, nọ́ńbà wà nísàlẹ̀, ojú tí òun fúnra rẹ̀ yà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní Chigusa gbàgbé rẹ̀ sórí tábìlì lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, òun ti ń tọ́jú rẹ̀ bọ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Màmá. Ó ní ilé yìí ló ni ín. Kí wọ́n bá àwọn mú ẹni tó máa sọ̀rọ̀ fún un. Tí wọn ò bá sì fẹ́, kí wọ́n mú un sọ́wọ́, àwọn ò ní bínú.

Màmá wo ìwé náà pẹ́. Wọ́n ní àwọn ò mọ eré. Wọ́n nà án sí mi.

Mo gbà á. Ọwọ́ mi ń rùn èéfín. Mo bèèrè ohun tí nọ́ńbà kan túmọ̀ sí, èyí tí wọ́n ti pa rẹ́ tí wọ́n tún kọ, tí wọ́n tún pa rẹ́. Ọ̀gá ní ẹ̀mí rẹ̀ nìyẹn. Ó ku mẹ́ta. Ó ti fara gbọgbẹ́ káàkiri. Ohunkóhun tó bá kàn án báyìí, ó ṣeé ṣe kó sọnù.

Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí.

Mo fi ìwé náà sínú dúrọ́ọ̀, mo ti dúrọ́ọ̀. Níbi iṣẹ́, mo ń kó igi sídìí ẹja, mò ń rò ó. Tí mi ò bá lọ, kò lè sọnù. Kò sí dáìsì tó lè kàn án nínú dúrọ́ọ̀. Tí mo bá lọ, èmi tí mi ò ṣe eré náà rí, ọwọ́ mi yìí ló máa ju dáìsì. Chigusa kú lẹ́ẹ̀kan, kò sẹ́ni tó jẹ̀bi. Tí ó bá kú lẹ́ẹ̀kejì, èmi ni. Mo mọ̀ pé Orise kì í ṣe òun. Ẹ má sọ ọ́ fún mi. Mímọ̀ kò mú ẹ̀rù lọ. Iná gòkè jù lábẹ́ ẹja lọ́jọ́ yẹn, ọ̀gá iṣẹ́ wa bi mí bóyá mo fẹ́ sun ilé èéfín mọ́ òun lórí.

Mo sọ fún Màmá pé mi ò ní lọ. Ọbẹ̀ miso ni Màmá ń sè, wọn ò wẹ̀yìn. Wọ́n kàn bèèrè pé, "Ibi tó wà yẹn, omi dé orúnkún rẹ̀, àbí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Kò tutù?"

Mi ò lè jẹun. Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, mo gbé ìwé náà, mo lọ.

Kọ́tìnì ti wà ní fífà. Òórùn kọfí àti ti búrẹ́dì tí wọ́n fi bọ́tà yan kún inú ilé. Wọ́n fi àga Chigusa sílẹ̀ fún mi. Mo jókòó sórí etí rẹ̀ lásán, bí ẹni tó fẹ́ dìde. Bọ̀ọ̀dá Tateishi fi ìka gún mí ní èjìká, ó ní ṣé mo mú ẹja wá ni. Mo ní èmi gan-an ni ẹja. Ó dùn mọ́ ọn.

Ọ̀gá Usami gbé dáìsì méjì síwájú mi. Oríṣi tó ní ojú mẹ́wàá ni. Ọ̀kan ń ka ẹ̀wá, ọ̀kan ń ka ẹyọ, wọ́n á pa méjèèjì pọ̀ di nọ́ńbà kan. Tìtorí rẹ̀ ni Chigusa ṣe máa ń sọ pé òun kórìíra ìṣirò, àfi ti Sọ́ńdè. Wọ́n ní tirẹ̀ ni. Dáìsì náà tutù.

Ọ̀gá mí kanlẹ̀. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yí padà, ó ti lọ sísàlẹ̀. Ó ní omi ti dé orúnkún. Iná tó wà lọ́wọ́ ọmọ ilé Tateishi ń kú lọ. Ọmọ ilé Kanoko ń ka ohun tí wọ́n kọ sára ògiri, kò tíì kà á tán. Ilẹ̀kùn ń ṣí, ẹnikẹ́ni ò tì í. Inú ló ti ń ṣí. Nǹkan kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tó mọ orúkọ gbogbo wọn.

Ilé kọfí ni mo wà, ọ̀sán ni, mo ń gbọ́ kẹ̀kẹ́ ọmọdé tó ń kọjá níta. Síbẹ̀ mo ń rí omi náà.

Ọ̀gá kọjú sí mi. "Orise ńkọ́?"

Mo ti ronú ní gbogbo ọ̀sẹ̀. Mo rò pé Orise máa jẹ́ akíkanjú, pé ohun tí Chigusa kò lè ṣe láyé ló ní kí ọmọ náà máa bá òun ṣe. Mo ti to ọ̀rọ̀ akíkanjú jọ: ó fi ara rẹ̀ dí ilẹ̀kùn, ó kọjú sí nǹkan náà. Kò sí èyí tó jáde. Ohun tó wà lára mi ni mo sọ.

"Ó sá."

Wọ́n wo ara wọn. Bọ̀ọ̀dá Tateishi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gbórí lé tábìlì. Anti Kanoko fi ọwọ́ bojú, èjìká rẹ̀ ń mì, mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni.

"Orise gan-an nìyẹn," ni Bọ̀ọ̀dá Tateishi wí. "Nígbà tí ọsibítù kan ń jó nínú eré, mo ní kó fà mí lọ́wọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo rí. Ọmọ ilé wa ti jóná mọ́bẹ̀, mo ní láti lọ ṣe òmíràn."

Anti Kanoko nu ojú. "Gbogbo wa la ti pààrọ̀ ọmọ. Ti Chigusa nìkan ló ṣì wà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń sá ló ń pẹ́."

Mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò sọ ọ́ fún wa nílé. Ó dá ọmọ kan tó lójo bíi tirẹ̀, ó sì ń bá a sá kiri ayé Ọ̀gá Usami, kó má bàa bá nǹkan kan pàdé. Inú mi dùn. Ẹ̀rù mi sì pọ̀ sí i, torí mo ti wá mọ̀ ọ́n.

Ọ̀gá ṣàlàyé kí n tó da dáìsì, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe, wọn kì í lúgọ de ara wọn. Nọ́ńbà ìsáré Orise jẹ́ ogójì. Tí dáìsì bá mú ogójì tàbí ohun tó kéré sí i, ó ti jáde. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, nǹkan náà á dì í mú. Pẹ̀lú ẹ̀mí mẹ́ta, kò lè jàjàbọ́.

Mo gbọn dáìsì. Mi ò fẹ́ jọ̀wọ́ rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá Tateishi ní kí n má yan án bí ẹja. Mo jù ú.

Ọ̀kan dúró lórí tábìlì: ọgbọ̀n. Èkejì yí gbirigbiri, ó lọ kọ lu àwo kéèkì, ó fara tì í, kò dùbúlẹ̀. Nọ́ńbà ọ̀kan ló wà lókè rẹ̀, ní dídagun. Ọ̀kànlélọ́gbọ̀n. Ó ti yè.

Mo mí. Lẹ́yìn náà mo rí i pé àwọn yòókù ò mí.

Dáìsì tó bá fara ti nǹkan, wọn kì í kà á. Wọ́n á tún méjèèjì dà. Gbogbo wọn ló mọ̀. Ọ̀gá Usami wò ó pẹ́, ó wá ní òun gbà á. Ó ní ayé òun ni, òun ló ni òfin ibẹ̀, kí eré máa lọ.

Anti Kanoko mi orí. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́. Ọwọ́ mi ni ojú yẹn ti jáde. Èmi náà ò fẹ́ kó lọ. Ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe dáìsì."

Bọ̀ọ̀dá Tateishi bínú sí i. Ó ní ọmọ tí ìyá rẹ̀ ti kú, kí ló tún kù tí wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Kanoko ní Tateishi náà mọ̀ pé Chigusa ò ní gbà á. Tateishi ní Chigusa kò sí níbí. Ohùn wọn ń ga. Ọ̀gá fi ìka kan tábìlì, wọ́n dákẹ́.

"Mo ti ṣe ju ààyè mi lọ," ni ó wí. "Ọmọ ilé ta ni? Genta, ilé yín ni. Ohun tó o bá sọ la máa gbà."

Mo wo dáìsì tó dagun. Mo fẹ́ gbà á. Ọlọ́run ń gbọ́, gbogbo ara mi fẹ́ gbà á. Màá mú un relé, màá sọ fún Màmá pé ó ti jáde nínú omi, kò tutù mọ́. Ṣùgbọ́n mo wo Orise bí ó ṣe máa rí láti ọjọ́ náà lọ. Á máa rìn, á máa sọ̀rọ̀, gbogbo wa á sì mọ̀ pé àwo kéèkì ló gbé e dúró. Bí òkú tí wọ́n fi igi tì lẹ́yìn kó lè jọ alààyè. Ìyẹn bà mí lẹ́rù ju omi lọ.

Mo mú un kúrò lára àwo. Mo kó méjèèjì, mo tún wọn dà.

Méjìlélọ́gọ́rin.

Ẹ̀rọ tó ń ṣe yìnyín ń kùn lẹ́yìn káńtà. Mò ń retí kí Ọ̀gá sọ ọ́, kó tètè sọ ọ́, kó lè parí. Kò sọ ọ́. Ó ní òun lè sọ pé ó sọnù, ìyẹn wà lọ́wọ́ òun. Bó ṣe sọnù kò sí lọ́wọ́ òun. Ilé tó ni ọmọ ló ń sọ ọ́.

Mo ní mi ò lè ṣe é.

"Kò sẹ́ni tó lè bá ọ ṣe é," ni Anti Kanoko wí. Ohùn rẹ̀ rọ̀.

Mo gbá ìwé náà mú. Mo ní ó ti sáré dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Mo ní ó ń pariwo, kò tijú, ó ń ké bí ewúrẹ́, ó ń pe orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan pé kí wọ́n sá, kí wọ́n má wo nǹkan náà, kí wọ́n sá. Nǹkan náà dì í lẹ́sẹ̀ mú. Ó wó lulẹ̀. Ó di òpó kan mú. Mo ní kò tètè fi òpó náà sílẹ̀. Ó dì í mú títí àwọn tó kù fi kọjá lórí rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á ní gbogbo ìgbà náà. Ìgbà tí ìka rẹ̀ ò gbà mọ́ ló tó lọ.

Bọ̀ọ̀dá Tateishi gbójú sókè. Ó ní, "Ọ̀gá, kò sí òpó níbẹ̀. Ẹ ní ògiri lásán ni."

Ọ̀gá Usami tó máa ń tún ọ̀rọ̀ gbogbo èèyàn ṣe, tí Chigusa máa ń ṣàròyé rẹ̀, fa ìwé tó ya ibẹ̀ sí súnmọ́ ara rẹ̀. Ó mú lẹ́ẹ̀dì. Ó yí róbótó kékeré kan sí ẹ̀bá àtẹ̀gùn.

"Òpó wà níbẹ̀," ni ó wí.

Lẹ́yìn náà ó ní àwọn méjì tó kù gbọ́ ariwo rẹ̀, wọ́n sì jáde. Kò ní kí wọ́n da dáìsì.

A jẹ kéèkì. Mi ò mọ adùn rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá Tateishi sunkún díẹ̀, ó ní bọ́tà ló wọ òun lójú. Ọ̀sẹ̀ náà ni ọkọ̀ rẹ̀ gbéra. Mo gbé ìwé Orise fún Màmá, wọ́n bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, mo sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́ níbẹ̀. Wọ́n ní kí n tún apá òpó sọ. Mo tún un sọ.

Lọ́jọ́ tí mo pàdé Anti Kanoko ní ẹ̀bá ibùdókọ̀, ó bi mí bóyá màá wá ní Sọ́ńdè. Mo ní kí ni mo fẹ́ wá ṣe, a ò ní ọmọ nílé mọ́.

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Lọ bí tìẹ, ẹlẹ́ja."

Mo dúró síbẹ̀ nígbà tó ti lọ tán. Ẹni tó bá ní ọmọ, dáìsì lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mo wá lọ ra lẹ́ẹ̀dì.